Ṣé babaláwo ni Ògúndé àbí òṣèré? Ẹ bá wa dá sí i

Láńre_Òṣòdì
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa lónìí, díẹ̀ ló kù kó di ìjà. Ọ̀gá wa ń wo gígé kan lára fíìmù Ayé lórí fóònù, ibi tí Hubert Ògúndé ti ń pọfọ̀ sí àwọn àjẹ́. Ló bá ní babaláwo gidi ni bàbá yẹn, pé wọ́n kàn gbé kámẹ́rà síwájú ẹ̀ ni, kò ṣeré kankan. Mo ní òṣèré ni. Ó ní kí n lọ bi àwọn àgbà. Ó tún fi kún un pé àwọn àjẹ́ ló pa á torí ó tú àṣírí wọn, àti pé ìyàwó mẹ́tàdínlógún ló fẹ́. Èmi tí wọ́n bí ní 1994, kí ni mo fẹ́ fi jà? Ojú bàbá náà nìkan ni mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ta ni Ògúndé gan-an?

Wándé_Ọ̀fà
Babaláwo ni. Ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà tí mo wo fíìmù rẹ̀ Jáiyésinmi ní kékeré, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni n ò fi lè dá jáde lọ tọ̀ lóru.

Bàbá_Tíṣà
Láńre, ọmọ mi, bá mi kí ọ̀gá yín. Sọ fún un pé ọlọ́pàá ni Ògúndé kó tó di òṣèré, tíṣà ló sì jẹ́ kó tó di ọlọ́pàá.

Òsósà ni wọ́n ti bí i ní 1916, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde. Ifá wà nílé bàbá ìyá rẹ̀ lóòótọ́, kékeré ló sì ti ń bá àwọn eégún alárìnjó kiri, ẹsẹ̀ wọn ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n jó. Ṣùgbọ́n ilé ìjọ ló ti mọ orin. Ó ṣe tíṣà láti 1933, ó wọṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1941, wọ́n sì gbé e wá sí Èbúté-Mẹ́ta. Ibẹ̀ ló ti ń bá ìjọ Aládùúrà kan ṣe. Ìjọ fẹ́ kówó jọ, wọ́n ní kó bá àwọn ṣe eré orin. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, 1944, wọ́n gbé e jáde ní gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó: eré Ọgbà Édẹ́nì, Ádámù àti Éfà.

Ibi tó ti gba ojú àwọn èèyàn nìyí: eré ìjọ ti wà káàkiri Èkó kó tó dé, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n máa ń tò sílẹ̀ ṣánṣán bí ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n á kọ ọ́ tán, wọ́n á jókòó. Ti Ògúndé, wọ́n ń jó, wọ́n ń rìn, wọ́n ń ṣe é bí ẹni tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú ẹni. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kọ̀wé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, African Music Research Party.

Ẹ fojú inú wò ó o. Ẹni tó ń gbowó oṣù lọ́wọ́ ìjọba òyìnbó, ló ní tíátà lòun fẹ́ máa jẹ! Alágbe ni wọ́n ń pe irú wọn nígbà yẹn. Kò tíì sí ẹni tó ń jẹun nídìí ẹ̀ lọ́nà tí Ògúndé wá fi jẹ ẹ́.

Wándé_Ọ̀fà
Bàbá, ẹ ṣé sà. Ṣùgbọ́n ọfọ̀ yẹn ńkọ́? Ọfọ̀ yẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń há sórí.

Alágbo_Eré
Wándé, wọ́n ń há a sórí. Èmi gan-an há a.

Mo wà nínú ẹgbẹ́ tíátà kékeré kan láti 1975 sí 1983. Ẹ ò lè mọ orúkọ wa, ọ̀gá wa ti kú, ẹgbẹ́ sì ti tú. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí Ògúndé bá ṣe, àwa náà á ṣe é. Ọjọ́ méjì ṣáájú eré, a ó lọ fi ògì gbígbóná lẹ póstà mọ́ ara ògiri káàkiri ìlú. Ewúrẹ́ á máa tẹ̀ lé wa lẹ́yìn, á lá ògì, á fa póstà ya, a ó tún padà lọ lẹ òmíràn. Lọ́jọ́ eré, lọ́rì á yí ìlú po, agbóhùnsókè lórí, ìlù nínú, àwọn obìnrin wa á jókòó síbi tí gbogbo ayé á ti rí wọn. Tó bá wá di alẹ́, opening glee ló kọ́kọ́ máa wáyé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọbìnrin á jáde nínú aṣọ kan náà, wọ́n á jó, wọ́n á fi orin kí àwọn tó wá wòran, ìgbà yẹn ni ọ̀gá á tó yọjú, ariwo á sì sọ. Orin yẹn lè má kan ìtàn eré rárá. Ọ̀dọ̀ Ògúndé ni gbogbo wa ti kọ́ ọ.

Ká má tíì ní ká sọ ti géètì. Owó géètì ló ń sọ bóyá a máa jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti sùn lórí aṣọ àtíbàbà nínú lọ́rì rí, tí òjò ń rọ̀, nítorí pé èèyàn mẹ́rìndínlógún péré ló wọlé.

Ògúndé kì í sùn nínú lọ́rì ní tiẹ̀ o. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọjá ibẹ̀. Ó ní mọ́tò tirẹ̀, ó ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, ó ní iná orí ìtàgé tirẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ọ̀gá Láńre gbọ́. Ọfọ̀ kọ́ ni agbára bàbá yẹn. Ètò ni.

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bàbá. Ẹ jẹ́ kí n béèrè èyí tí gbogbo yín ń yẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ìyàwó ńkọ́?

Bàbá_Tíṣà
Hàà, Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n lé ní mẹ́wàá, iye tí oníkálukú ń kà yàtọ̀ síra. Ìdí tí wọ́n sábà máa ń sọ nìyí: nígbà yẹn, ojú aṣẹ́wó ni wọ́n fi ń wo ọmọbìnrin tó bá gun orí ìtàgé. Bàbá rẹ̀ ò ní gbà. Tó bá wá kọ́ iṣẹ́ tán, tí ọkọ bá gbé e, ọkọ á ní kó fi tíátà sílẹ̀. Wàá kọ́ òṣèré fún ọdún méjì, ìgbéyàwó á gbà á lọ́wọ́ ẹ. Ògúndé wá ń fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ sílé. Ẹgbẹ́ ò tú mọ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí náà tún di òṣèré àti onílù.

Ohun kan tí ò yẹ ká gbàgbé: ní 1946, nínú eré Tiger's Empire, ó gbé obìnrin jáde gẹ́gẹ́ bí òṣèré tó ń gbowó iṣẹ́, tí wọ́n polówó wọn bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti ṣe é bẹ́ẹ̀ nínú tíátà Yorùbá ṣáájú ìgbà náà.

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn
Mo gbọ́ sà. N ò bu ẹnu àtẹ́ lu bàbá olóògbé. Ṣùgbọ́n tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ bá tún jẹ́ ọkọ, tó jẹ́ òun náà ni bàbá àwọn ọmọ, ta lèèyàn á lọ fi ẹjọ́ owó oṣù sùn?

Ìyá_Ìbejì_Ṣàgámù
😂😂 Àbẹ̀kẹ́ ti pa wá o.

Ìyá mi wo wọn rí ní gbọ̀ngàn ìlú ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òun ò sọ̀rọ̀ Ògúndé rárá tó bá ń sọ ọ́. Àwọn ìyàwó ló máa ń sọ. Ó ní wọ́n jó títí, aṣọ gbẹ mọ́ wọn lára, lẹ́yìn náà ló rí ọ̀kan nínú wọn lẹ́yìn gbọ̀ngàn tó ń fún ọmọ lọ́mú, tìróò ṣì wà lójú ẹ̀, àtíkè ṣì wà lọ́rùn. Ọmọ mu tán, ó gbé e fún èkejì rẹ̀, ó padà sórí ìtàgé. Ìyá mi ní ọjọ́ yẹn lòun mọ̀ pé iṣẹ́ ni, kì í ṣe ìgbádùn.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́
Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kù díẹ̀ kí ẹnì kan dé orí eré Yorùbá Ronú, kí gbogbo yín wá máa bú Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà yẹn. Ẹ jẹ́ kí n tètè dé 'bẹ̀. Ní 1964, ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, ẹgbẹ́ àwọn Akíntọ́lá fúnra wọn, ló ní kí Ògúndé wá ṣeré fún àwọn. Wọ́n pè é, wọ́n gbà á lálejò. Ó wá gbé eré ọba kan jáde, Ọba Fíwájoyè, tí igbákejì rẹ̀ dà á, tó tà á fún ọ̀tá. Akíntọ́lá jókòó síwájú, Awólọ́wọ̀ tó ti jẹ́ igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tẹ́lẹ̀ wà lẹ́wọ̀n. Ta ni ò mọ ẹni tó ń bá wí? Tẹ́ ẹ bá pe onílù wá síbi ìnáwó yín, tó wá ń fi ìlù bú yín, ṣé ẹ máa náwó fún un ni?

Bàbá_Tíṣà
A ò ní náwó fún un. Ṣùgbọ́n a ò ní fòfin dè é kó má lù ú mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí Akíntọ́lá ṣe nìyẹn. Ó bínú dìde kúrò níbẹ̀, kò sì pẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi kéde pé Ògúndé ò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ níbikíbi lágbègbè náà.

Ẹ wo bó ṣe rí. Ìpínlẹ̀ Ìjẹ̀bú wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ Òsósà ò lè ṣeré l'Ósósà! Ṣùgbọ́n ìlú Èkó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, òfin Ìbàdàn ò dé ibẹ̀. Nítorí náà Èkó ló fi ṣe ilé, ó sì ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ó fi eré mìíràn dá wọn lóhùn, ó pè é ní Òtítọ́ Korò. Ó kọ Yorùbá Ronú sínú àwo orin pẹ̀lú, àwo ò nílò ìwé ìyọ̀ǹda láti wọ Ìbàdàn. Oṣù kejì 1966 ni Fájuyì, gómìnà ológun, tó mú òfin náà kúrò.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́
Mo gbà pé òfin yẹn le jù. Àmọ́ mi ò gbà pé kò mọ ohun tó ń wá kiri.

Alágbo_Eré
Ó mọ̀ ọ́n dáadáa! Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Àwọn òyìnbó ti fòfin dè é kí Akíntọ́lá tó dé. Ó ṣe eré Strike and Hunger lórí ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogbogbòò ti 1945, èyí tí Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ṣíwájú ẹ̀. Wọ́n dá a dúró ní Jọ́ọ̀sì. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà mọ́kànlélógún ní Iva Valley l'Ẹ́núgù ní oṣù kọkànlá 1949, ọdún tó tẹ̀ lé e ló gbé Bread and Bullet jáde. Wọ́n fòfin dè é ní Kánò. Ọlọ́pàá àná ló ń ṣe eré bú ọlọ́pàá yìí o. Ẹ bá mi wá babaláwo tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Tòkunbọ̀_Peckham
Ẹ kú àárọ̀ láti ibí o (aago ibí ń tàn mí jẹ). Ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu ba London. Ní 1947, òun àti ìyàwó rẹ̀ Clementina wá síbí. Wọ́n fẹ́ rí àwọn tó máa gbé ẹgbẹ́ wọn wá ṣeré, kò bọ́ sí i. Kàkà kí wọ́n jókòó máa sunkún, wọ́n lọ kọ́ ijó: ijó bàtà onírin táwọn Amẹ́ríkà ń fi ẹsẹ̀ ta, àti waltz. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe padà sí Èkó. Ọdún kejì, ó gbé eré lọ sí Gold Coast (Ghana òde òní), èdè ò jẹ́ kó wọ̀ wọ́n lára, owó sì wọgbó. Ó padà wá, ó fi fèrè saxophone àti ẹ̀fẹ̀ kún eré. Ohun tí mo fẹ́ràn lára ọkùnrin yìí nìyẹn. Tí ọjà bá kọ̀ ọ́, á yí igbá padà.

Ní 1967, òun náà ló kó ẹgbẹ́ lọ sí ìpàtẹ àgbáyé ní Montreal lórúkọ Nàìjíríà.

Wándé_Ọ̀fà
Ẹ jẹ́ ká padà sórí fíìmù jàre. Ayé ni fíìmù Yorùbá àkọ́kọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Bàbá_Tíṣà
Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àjàní Ògún ló ṣíwájú ẹ̀, ní 1976: Ọlá Balógun ló darí ẹ̀, Adé Afọláyan àti Dúró Ládiípọ̀ sì ṣe níbẹ̀. Ọlá Balógun kan náà ló darí Ayé ní 1979. Lẹ́yìn ìyẹn Ògúndé ṣe Jáiyésinmi, Àròpin N'Tènìyàn, àti Àyànmọ́ ní 1988. Kó sì tó di fíìmù, orí ìtàgé ni Ayé ti wà láti 1972. Gbogbo ọfọ̀ tó ń da Wándé láàmú yẹn, ó ti pè é níwájú èrò fún ọdún méje kí kámẹ́rà tó dé.

Ìyá_Ìbejì_Ṣàgámù
Èmi wo Ayé ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan, mo wà ní prámárì ẹ̀kẹrin. Wọ́n ta aṣọ funfun síwájú. Jẹnẹrétọ̀ ń kígbe lẹ́yìn ilé, ẹ̀rọ tó ń yí fíìmù ń dún tàkà-tàkà-tàkà láàárín wa. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn ti ta tíkẹ́ẹ̀tì ju àyè lọ, itan ẹ̀gbọ́n mi ni mo jókòó lé. Tí ike kan bá ti yí tán, iná á tàn, ọkùnrin kan á pààrọ̀ ẹ̀, àwọn èèyàn á máa hó "ṣe kíá!" Nígbà tí olórí àjẹ́ yọ, tí wọ́n ń di ẹyẹ, ìyá ẹlẹ́kọ kan tó jókòó níwájú wa dìde, ó bọ́ bàtà, ó na bàtà sí aṣọ funfun yẹn, ó ní "Ilẹ̀ á mú ẹ lónìí!" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ọ̀ṣẹ́túrá, ìyẹn Ògúndé, jáde ní tiẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀.

A di aṣọ màmá wa mú délé. Mi ò gbójú sókè wo igi máńgòrò wa fún ìgbà pípẹ́.

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé mà, mo rí ìyá ẹlẹ́kọ yẹn kedere. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń rí ohun tí mo ń sọ? Irú fíìmù yẹn ló jẹ́ kí àwọn èèyàn máa pe gbogbo ìyá arúgbó ní àjẹ́. Ẹni tó ṣe eré fún awakùsà, tó ṣe Yorùbá Ronú, ni wọ́n wá fi àjẹ́ rántí.

Alágbo_Eré
Ìyá mi, ohun tí géètì bá fẹ́ ni. Ayé ló kún gbọ̀ngàn.

Kí n dáhùn ìbéèrè ẹnì kan tó bi mí ní ìkọ̀kọ̀, pé kí ló dé tí kò rí fíìmù Ògúndé rà. Nígbà yẹn, ẹni tó ni fíìmù ló ń gbé e kiri fúnra ẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀, bí ìgbà tá a ń gbé eré kiri. Ike fíìmù ò gbọdọ̀ sùn níbòmíràn. Tó bá ti já sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà fídíò, ọjà bàjẹ́ nìyẹn. Ohun tó ṣe Baba Sala, aláwàdà nnì, nìyẹn lórí fíìmù rẹ̀ Ọ̀run Móoru, wọ́n jí i ṣe ẹ̀dà, owó tó kó sí i ṣòfò. Ògúndé rí i. Ó di tirẹ̀ mú girigiri.

Láńre_Òṣòdì
Mo ń ka gbogbo ẹ̀ fún ọ̀gá wa létí o. Ó ti gbà lórí ọlọ́pàá. Ó ku ti àjẹ́ tó pa á.

Tòkunbọ̀_Peckham
Àwọn àjẹ́ wo? Ayé jáde lórí ìtàgé ní 1972, ó sì kú ní 1990. Àjẹ́ tó bá fẹ́ gbẹ̀san tó wá dúró fún ọdún méjìdínlógún, ó rọra ń ṣe ni. Ilé ìwòsàn Cromwell ní London ló kú sí, 4 oṣù kẹrin 1990. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún.

Bàbá_Tíṣà
Ibi tó ti bọ́ dé London ni kí ẹ sọ fún ọ̀gá yẹn. Ibi iṣẹ́ ló ti wá. Bruce Beresford, ọmọ Australia, ń ya fíìmù Mister Johnson ní Toro, lọ́nà Bauchi. Ògúndé kó ipa Brimah níbẹ̀, òun àti Maynard Eziashi àti Pierce Brosnan. Bàbá tó ti ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ fún ọdún márùndínláàádọ́ta, tó ti di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn onítíátà ní 1971, tí ìjọba àpapọ̀ pè kó wá kó Ẹgbẹ́ Òṣèré Orílẹ̀-Èdè jọ, ló lọ dúró sábẹ́ olùdarí ẹlòmíràn nínú oòrùn Toro, tó ń há ọ̀rọ̀ sórí. Àìsàn kọlù ú, wọ́n gbé e lọ sí London, kò padà wá láàyè. Òsósà ni wọ́n sin ín sí.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́
Kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ. Èmi àti ẹ ṣì ní ọ̀rọ̀ lórí Akíntọ́lá, Bàbá Tíṣà.

Bàbá_Tíṣà
Mo ń retí ẹ. Gbé obì dání.

Láńre_Òṣòdì
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú làálàá. Ọ̀gá wa ka ibi tó ti ń há ọ̀rọ̀ sórí ní Toro, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní "Òṣèré ni." Lẹ́yìn náà ló ní ṣùgbọ́n òun ṣì rò pé ó ní nǹkan kan lápò. Mo fi sílẹ̀ fún un.

Ó ní lọ́jọ́ Sátidé tí a bá lọ ra ọjà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ká yà sí Òsósà, ká lọ wo ilé bàbá náà. Ta ni ọmọ ibẹ̀ níbí? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìkankan nínú àwọn lọ́rì yẹn ṣì wà nílẹ̀, kódà kó jẹ́ páànù ara ẹ̀ nìkan.